Oúnjẹ tó kún fún ọ̀rá: kí ló ń ṣe fún ẹ̀dọ̀, ọkàn àti kíndìnrín gan-an?

Ìlera_Lọrọ̀ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá inú oúnjẹ ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ bá mi tú u palẹ̀.

Ohun méjì ló ń takora. Ní yàrá ìwádìí, bí wọ́n bá fẹ́ kí eku sanra, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kún fún ọ̀rá, kí ínsúlínì má ràn án mọ́, oúnjẹ ọlọ́ràá ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀, kì í sì í pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi ṣẹlẹ̀. Ẹ wá wo àwọn tó ń jẹ kẹ́tò (oúnjẹ tí wọ́n ti gé oúnjẹ afúnnilágbára kù gan-an), tí ọ̀rá ń kó 70% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kálórì òòjọ́ wọn: ìwọ̀n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wálẹ̀, triglyceride (irú ọ̀rá kan) inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń wálẹ̀, àwọn alátọ̀gbẹ kan láàárín wọn tilẹ̀ ń dín oògùn kù. Bí ọ̀rá bá jẹ́ májèlé fún eku, báwo ló ṣe wá di oògùn lára èèyàn?

Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rá ń gbà lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì, ohun tó ń sọ ọ́ di inflammation (ìdáhùn ààbò ara sí ìpalára), ẹ̀yà ara tó kọ́kọ́ ń jìyà, àti àyẹ̀wò tí èèyàn lè ṣe kó tó pẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye sí i. “Ẹ dín ọ̀rá kù” kò tó mi. Ṣíbí mélòó, irú ọ̀rá wo, pẹ̀lú kí ni?


Onímọ̀_Oúnjẹ dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ eku bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Oúnjẹ ọlọ́ràá tó wọ́pọ̀ jù ní yàrá ìwádìí, 60% kálórì rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣúgà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fáíbà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ fi eku náà wé òmíràn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé oúnjẹ oníhóró lásán ni wọ́n ń fún ìkejì, èyí tí fáíbà gidi kún inú rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló yàtọ̀ láàárín eku méjèèjì, ọ̀rá nìkan ni wọ́n sì ń dárúkọ. Ẹ fi kún un pé irú eku tí wọ́n fẹ́ràn jù, C57BL/6, jẹ́ ìran eku tó tètè máa ń sanra, wọ́n sì ń jẹ́ kó jẹun títí bó bá ṣe wù ú. Tí wọ́n bá gbé ọ̀rá náà dé 90% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, eku kì í sanra bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ ọ̀rá ṣì lè kó sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n ara tó wálẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹ̀dọ̀ mọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó wá kan ọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà. Ṣúgà àti purotéènì máa ń ti ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rá kò gba ibẹ̀. Òróòro ló kọ́kọ́ máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, bí ọṣẹ ṣe ń tú epo lára àwo. Lẹ́yìn náà ni èròjà kan láti inú pánkíríásì, tó ń jẹ́ lipase, á gé e kékeré. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun á tún un dì sínú ẹrù róbótó tí wọ́n ń pè ní chylomicron, ẹrù yìí á sì gba òpó omi ara gòkè títí dé itòsí ọrùn kó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni triglyceride kì í fi í ga jù lójú ẹsẹ̀ téèyàn jẹun tán. Wákàtí kẹta sí ìkarùn-ún ló máa ń dé òkè pátápátá.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rá sùn sí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ. Ínsúlínì ló ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn bá kún dẹ́nu, wọn ò ní gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́, ọ̀rá á wá máa jò nínú wọn tọ̀sántòru, á sì kọrí sí ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀: ẹ̀dọ̀, ẹran ara, pánkíríásì, àyíká ọkàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2005 tọpasẹ̀ ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti kún. Nǹkan bí 59% ló ti inú ọ̀rá tó ń jò láti ara wá, 26% ni ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ fi ṣúgà àti irú rẹ̀ rọ, 15% péré ló ti inú ọ̀rá oúnjẹ wá tààrà. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn èèyàn ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bẹ̀rù bọ́tà, tó wá ń mu ohun mímu aládùn lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń fi ohun mímu náà rọ ọ̀rá tirẹ̀.

Bí ọ̀rá bá ti wọ inú ẹ̀dọ̀ tán, àjẹkù rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní diacylglycerol á máa dí ohùn ínsúlínì lọ́wọ́. Iṣẹ́ ínsúlínì ni pé kó sọ fún ẹ̀dọ̀ pé “ṣúgà ti tó, má tú u sílẹ̀ mọ́.” Tí ẹ̀dọ̀ ò bá gbọ́, á máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ lóru, ìdí nìyẹn tí ṣúgà àárọ̀ fi ń ga. Pánkíríásì á sì máa fi kún ínsúlínì títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Irú ọ̀rá ńkọ́? Ó ṣe pàtàkì gan-an. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fún àwọn tó ti sanra díẹ̀ ní 1,000 kálórì lé lórí oúnjẹ òòjọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó fi ọ̀rá dídì jẹ ẹ́, ìyẹn irú èyí tó ń le gbagidi bó bá tutù, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn fi 55% pọ̀ sí i. Àwọn tó fi ṣúgà jẹ ẹ́, 33%. Àwọn tó fi ọ̀rá tí kì í dì jẹ ẹ́, irú bí òróró ólífì àti èso oníhóró, 15%. Kálórì kan náà ni o, àmọ́ ẹ̀dọ̀ kò kà wọ́n sí ọ̀kan náà.

Ìdáhùn sí àdìtú yín nìyí. Nínú kẹ́tò tó bá yọrí sí rere, èèyàn ń jẹ kálórì tó kéré sí èyí tó ń lò, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ì bá fi rọ ọ̀rá ti kúrò ńlẹ̀, ínsúlínì sì wálẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á wá máa jó ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀. Eku tiwa ń jẹ ajẹjù, pẹ̀lú ọ̀rá dídì àti ṣúgà, láìsí fáíbà. Oúnjẹ méjèèjì ń jẹ́ “ọlọ́ràá,” àmọ́ wọn kì í ṣe ìyá kan náà.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kálórì ọ̀rá kò ṣe é kà. Gíráàmù ọ̀rá kan jẹ́ kálórì 9. Ti purotéènì àti ti oúnjẹ afúnnilágbára jẹ́ 4. Nínú 100 kálórì purotéènì, ara ń ná 20 sí 30 kó tó lè lò ó. Ti ọ̀rá, ó kéré jọjọ, láti òdo sí 3. Ṣíbí ìjẹun òróró kan, gíráàmù 14, ni nǹkan bí 120 kálórì. Ṣíbí mẹ́ta tí a kò wọ̀n, tí a kàn dà sínú ìkòkò, ti di 360, ikùn kò sì ní kún sí i. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2021, wọ́n kó èèyàn 20 sínú ilé ìwádìí, wọ́n fún wọn ní kẹ́tò fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fún wọn ní oúnjẹ ewéko tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ 10% fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí kálukú jẹ débi tó bá wù ú. Lórí oúnjẹ ewéko náà, wọ́n fi nǹkan bí 689 kálórì jẹ dín lójúmọ́. Ìyẹn ò sọ pé kẹ́tò kò wúlò, torí nígbà tí wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 609 fún ọdún kan nínú ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2018, àwọn tó dín ọ̀rá kù fi 5.3 kg fúyẹ́, àwọn tó dín oúnjẹ afúnnilágbára kù fi 6.0 kg. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kẹ́tò ń tan èèyàn jẹ. Ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara ní ṣúgà ìpamọ́ bíi gíráàmù 500, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì di omi bíi gíráàmù 3 mọ́ra. Tí ìpamọ́ náà bá lọ, omi á bá a lọ. Kílò méjì tó kọ́kọ́ wálẹ̀ yẹn, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, á sì padà lọ́jọ́ tí oúnjẹ afúnnilágbára bá padà.


Inú_Ìfun dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n gba ti inflammation. Tí ẹ̀gún bá gún ẹsẹ̀, tó wú, tó pọ́n, tó ń ta, iṣẹ́ rere ni ara ń ṣe, á sì parí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí à ń sọ níbí kì í wú, kì í ta, ẹni tó ní i kì í mọ̀. Ó dà bí ẹyin iná lábẹ́ eérú.

Orísun rẹ̀ àkọ́kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá fúnra rẹ̀. Ó lè tóbi débi pé ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ dé gbogbo ara rẹ̀ dáadáa. Àwọn kan á kú, àwọn ọmọ ogun ara tí wọ́n ń pè ní macrophage á sì yí òkú wọn ká láti jẹ ẹ́. Ọdún 2003 ni àwọn olùwádìí fi hàn pé àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ń kóra jọ sínú ọ̀rá ara ẹni tó sanra jù. Èròjà tí wọ́n ń tú jáde, TNF-alpha, ni wọ́n ti rí ní 1993 pé ó ń dí ínsúlínì lọ́wọ́. Èyí tó ń jẹ́ IL-6 á dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe CRP, purotéènì tó ń fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀ pé inflammation wà. Èyí ń ṣẹlẹ̀ bóyá ọ̀rá ló sọ ẹni náà di ọlọ́ràá tàbí búrẹ́dì. Àjẹjù ni orísun rẹ̀.

Orísun kejì jẹ mọ́ ọ̀rá inú oúnjẹ tààrà. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ló ní èèpo kan tó ń jẹ́ LPS. Tí ó bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ara á rò pé àwọn ọ̀tá ti ya wọlé. LPS fẹ́ràn ọ̀rá, ó sì máa ń gun chylomicron tí Onímọ̀_Oúnjẹ sọ nípa rẹ̀ bí ẹni gun ọkọ̀. Ní 2007, wọ́n fún eku lóúnjẹ ọlọ́ràá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, LPS inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Kò tó ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kó àrùn rárá. Ó kàn wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Ohun tó ń pinnu iye tó ń kọjá ni ògiri ìfun, ògiri yìí sì ń jẹun. Àwọn kòkòrò rere máa ń fi fáíbà ṣe butyrate, oúnjẹ pàtàkì àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá nìyẹn. Tí fáíbà bá tán, àwọn kòkòrò kan á yíjú sí ikun tó bo ògiri náà, wọ́n á máa jẹ ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ tó ń jẹ kẹ́tò ti ń kùnà gan-an nìyí: wọ́n gé oúnjẹ afúnnilágbára, fáíbà bá a lọ, ẹran àti wàràkàṣì nìkan ló kù. Ẹ má jẹ́ kí fáíbà òòjọ́ wálẹ̀ ju gíráàmù 25 lọ. Ó ṣeé ṣe láìfọwọ́ kan ṣúgà. Odidi píà kan ní nǹkan bí gíráàmù 10. Gíráàmù 28 èso chia ní bíi 10 mìíràn. Álímọ́ńdì ẹ̀kún ọwọ́ kan ní bíi 3.5. Ewé tútù á kó èyí tó kù. Ẹ rọra fi kún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi omi tẹ̀ lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú á máa wú, ìgbẹ́ á sì le.

Ní ti trans fat (ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ máa ń fi òróró ṣe kó lè dì), kò sí ìjiyàn. Ó ń gbé LDL (kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù búburú) sókè, ó ń fa HDL (kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rere) wálẹ̀, ó sì ń ru inflammation sókè. Kò yẹ kó ju 1% kálórì òòjọ́ lọ, ìyẹn gíráàmù 2 ó lé díẹ̀ fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì. Tí ẹ bá rí “partially hydrogenated” lára páálí oúnjẹ, ẹ dá a padà. Òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹrin, tó ti dúdú, tó ń ho bí ọṣẹ, ẹ dà á nù pẹ̀lú. Ó ti bàjẹ́, ohun tó ń yọ nínú rẹ̀ kò ṣe ara lóore.


Ìlera_Lọrọ̀ tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ó ti ń yé mi. Àmọ́ ẹni tó ti wà lórí kẹ́tò fún oṣù méjì, tó wá rí i pé ṣúgà àárọ̀ òun ń ka 105 mg/dL dípò 90, ṣé àtọ̀gbẹ ló ń bọ̀ ni? LDL tó lọ sókè ńkọ́? Àwọn kan ń sọ pé kò ní í ṣe, níwọ̀n ìgbà tí triglyceride bá ti wálẹ̀.


Yàrá_Àyẹ̀wò dáhùn pé:

Ṣúgà àárọ̀ yẹn kò tíì tó láti pe ẹnikẹ́ni ní alátọ̀gbẹ. Nígbà tí ọ̀rá bá di epo tí ara ń jó, ẹran ara máa ń pa ẹnu ọ̀nà tó fi ń lo ṣúgà dé, kí ìwọ̀nba ṣúgà tó wà lè ṣẹ́ kù fún ọpọlọ. Ṣúgà á wá dúró pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá mu omi ṣúgà gíráàmù 75 fún àyẹ̀wò, ó lè yọ bí alátọ̀gbẹ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin àyẹ̀wò náà fi sọ pé kéèyàn jẹ oúnjẹ afúnnilágbára tó tó gíráàmù 150, ó kéré tán, lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. HbA1c (àyẹ̀wò tó ń fi ìpíndọ́gba ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bí oṣù mẹ́ta hàn) ni kí ẹ wò pẹ̀lú: bó bá wà lábẹ́ 5.7%, tí ínsúlínì ààwẹ̀ sì kéré, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí HbA1c bá dé 6.5%, ẹ lọ rí dókítà; kẹ́tò kọ́ ló ń ṣe é.

Ti LDL, mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kò ní í ṣe. Ọ̀rá dídì máa ń dín iye ọwọ́ tí ẹ̀dọ̀ fi ń mú LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kù. LDL á wá pẹ́ lójú ọ̀nà, á sì máa wọ ara ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Triglyceride tó wálẹ̀ dára, àmọ́ kò fa LDL yẹn jáde. Bí ìjiyàn bá wà lórí bóyá ìṣù LDL náà ńlá ni tàbí kékeré, ẹ ní kí wọ́n wọn ApoB, purotéènì kan tó wà lára àwọn ìṣù náà. Ẹyọ kan péré ló máa ń wà lára ìṣù kọ̀ọ̀kan, torí náà ApoB ń ka orí wọn. LDL tó bá tó 190 mg/dL, ìyẹn 4.9 mmol/L, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni fi ojú fo ó dá, bó ti wù kí ara ẹni náà rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó.

Ẹ má yẹ LDL wò láàárín ìgbà tí ìwọ̀n ara ṣì ń já wálẹ̀ kíákíá, torí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ọ̀rá ara tó ń yọ́ lè gbé e sókè fúngbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ irú ọ̀rá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ni kí ẹ tó tún un yẹ̀ wò. Ààwẹ̀ wákàtí 9 sí 12 ló tó fún triglyceride, kò sì yẹ kó kọjá 150 mg/dL. Tó bá ti lé ní 1,000, ewu rẹ̀ ti kúrò ní ti ọkàn nìkan: pánkíríásì lè gbóná lójijì. Ìrora líle nínú ikùn lókè, tó ń lọ sẹ́yìn, pẹ̀lú èébì, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni.

hs-CRP (àyẹ̀wò CRP tó lè rí ìwọ̀n kékeré) ni ti inflammation. Bó bá wà lábẹ́ 1 mg/L, ó dára. Láàárín 1 sí 3, ó mọ níwọ̀n. Ju 3 lọ, ó ga. Bó bá ju 10 lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́, àìsàn kan ló wà lára, bí ọ̀fìnkìn tàbí eyín tó ń kẹ̀. Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ má fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́.

Ẹ̀dọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù, torí kì í pariwo. Wọ́n ń pè é ní ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá tí ọ̀rá bá ti wà nínú ju 5% sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ. ALT (èròjà ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀) lè wà ní ìwọ̀n tó dára kí ẹ̀dọ̀ sì ti ń le. Bí ALT ọkùnrin bá ju 33 lọ, tàbí ti obìnrin ju 25, ó yẹ kí ẹ wá ìdí rẹ̀, bí ilé àyẹ̀wò bá tilẹ̀ kọ “normal” sí i. Ẹ wá ṣe ìṣirò FIB-4, tó ń díwọ̀n àpá lára ẹ̀dọ̀, kò gba owó: ẹ fi ọjọ́ orí lọ́po AST (èròjà bíi ALT), ẹ fi iye platelet, ìyẹn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì (ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún), lọ́po gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì ALT, ẹ fi èkejì pín àkọ́kọ́. Ẹni ọdún 45, AST 40, ALT 36, platelet 200: 45 lọ́nà 40 jẹ́ 1,800, gbòǹgbò 36 ni 6, lọ́nà 200 jẹ́ 1,200, èsì rẹ̀ jẹ́ 1.5. Bó bá wà lábẹ́ 1.3, àpá kò tíì sí lára ẹ̀dọ̀ débi tó ń bani lẹ́rù. Láàárín 1.3 sí 2.67, bíi ti ẹni yìí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìlèle ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe lórí ikùn. Ju 2.67 lọ, dókítà ẹ̀dọ̀ ló kàn. Fún ẹni tó ti ju ọdún 65 lọ, 2.0 ni kí ẹ fi rọ́pò 1.3.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ tètè máa ń gbọ́ràn. Bí ìwọ̀n ara bá fi 5% wálẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ á ti máa dín kù. Ní 7% sí 10%, inflammation rẹ̀ ń rọ̀. Ní 10% sókè, àpá rẹ̀ pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́.


Apòògùn_Àdúgbò dáhùn pé:

Ẹ dúró kí n sọ ti oògùn, torí ibẹ̀ lèèyàn ti lè kú láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ dapagliflozin, empagliflozin tàbí canagliflozin kò gbọdọ̀ dédé bẹ̀rẹ̀ kẹ́tò. Oògùn wọ̀nyí ń tọ ṣúgà jáde. Tí oúnjẹ afúnnilágbára náà bá tún lọ, ẹ̀jẹ̀ lè di kíkan nígbà tí ṣúgà ṣì wà lábẹ́ 250 mg/dL, ẹ̀rọ ìwọ̀nṣúgà ilé kò sì ní kìlọ̀. Èébì, inú rírun, mímí kíákíá, àárẹ̀ tó lágbára: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ orúkọ oògùn náà fún wọn. Ketone (èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń fi ọ̀rá ṣe) inú ẹ̀jẹ̀ láàárín 0.5 sí 3 mmol/L ni ti kẹ́tò lásán. Bó bá ń lé sókè ju ìyẹn lọ pẹ̀lú àmì wọ̀nyí, ẹ má dúró dilẹ̀.

Ínsúlínì, àti glibenclamide àti glimepiride tí wọ́n jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ, ń fa ìdàkejì: ṣúgà á já wálẹ̀ lójijì. Dókítà ló gbọ́dọ̀ dín wọn kù kó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹni náà bá dákú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè pọ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, torí bí ínsúlínì bá wálẹ̀, kíndìnrín á máa tọ iyọ̀ àti omi dànù. Ìyẹn gan-an ló ń fa orí fífọ́ àti òòyì tí wọ́n ń pè ní ibà kẹ́tò. Àwọn tó ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), tí ewé tútù wọn bá yí padà lójijì, INR wọn (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì) náà á yí.

Ní ti kíndìnrín, kẹ́tò máa ń mú kí ìtọ̀ kan, ó sì ń dín citrate kù, èyí tí kì í jẹ́ kí òkúta dì. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi kẹ́tò tọ́jú wárápá, potassium citrate wà lára ohun tí wọ́n ń fún wọn nítorí èyí. Ẹni tó ti ní òkúta rí kó mu omi débi tí ìtọ̀ rẹ̀ fi máa tó lítà 2.5 lójúmọ́. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe àyẹ̀wò albumin (purotéènì kan) inú ìtọ̀ lọ́dọọdún. Kò yẹ kó dé 30 mg/g.

Àpò òróòro ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Wọ́n rò pé ọ̀rá ló ń ṣẹ̀dá òkúta rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ọ̀rá tó kéré jù, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń já ju 1.5 kg lọ lọ́sẹ̀, òun gan-an ni òkúta sábà ń mú, torí àpò náà kò rí ohun tó máa mú un fún ara rẹ̀ dànù. Oúnjẹ kan lójúmọ́ tí ọ̀rá rẹ̀ tó gíráàmù 7 sí 10 ń ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tí òkúta ti wà níkùn rẹ̀, oúnjẹ ọlọ́ràá á mú àpò náà fún, ìrora á sì mú lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, nígbà mìíràn títí dé èjìká.

Aláboyún, ẹni tí pánkíríásì rẹ̀ ti gbóná rí, àti ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn tí kì í jẹ́ kí ara jó ọ̀rá, kí wọ́n má dán an wò láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.


Onímọ̀_Oúnjẹ tún kọ̀wé pé:

Ìlera_Lọrọ̀, ẹ ní kí a fi ṣíbí sọ ọ́. Ó dáa, ẹ gbà á báyìí. Fún 2,000 kálórì, ọ̀rá dídì kò yẹ kó ju 10% lọ, ìyẹn gíráàmù 22. Ṣíbí ìjẹun òróró àgbọn kan ní bíi 12 nínú. Ṣíbí méjì ti kọjá ààlà, kí ẹ tó jẹ ẹran rárá. Bọ́tà ní 7, òróró ólífì ní 2. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ 70% ọ̀rá nínú 2,000 kálórì yìí ní gíráàmù 155 láti wá, kò sì sí bó ṣe lè fi bọ́tà àti òróró àgbọn kún un kó má kọjá 22. Òróró ólífì, píà, èso oníhóró àti ẹja ọlọ́ràá ló gbọ́dọ̀ kó ẹrù náà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní Sípéènì, wọ́n pín èèyàn 7,447 tí ewu àrùn ọkàn wà fún sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba òróró ólífì, àwọn kan gba èso oníhóró, ọ̀rá sì ń kó bíi 41% kálórì àwọn méjèèjì. Wọ́n ní kí àwọn tó kù dín ọ̀rá kù. Àtúnṣe èsì rẹ̀ tó jáde ní 2018 fi hàn pé ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tó tara wọn wá fi nǹkan bí 30% dín láàárín àwọn méjèèjì tó ń jẹ ọ̀rá.

Bí ẹ bá máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ra òṣùwọ̀n ìdáná kí ẹ tó ra òróró. Ẹ gbé ìkòkò lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí òdo, kí ẹ wá da òróró sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ sì ṣe ALT, AST, platelet, LDL, triglyceride àti HbA1c kó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ẹni tí kò mọ ibi tó ti gbéra kò ní lè ka èsì ọ̀sẹ̀ kejìlá.